Pẹ̀lẹ́ Tí A Gbé Dé Òkè-Òkun

Ẹni tó bá ti òkè-òkun dé, àwọn ará ilé á yí i ká pé kó ròyìn, ṣùgbọ́n ìròyìn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀: pé ibẹ̀ dùn, pé ibẹ̀ mọ́, pé iná kì í lọ. Èmi náà ròyìn bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo ròyìn yìnyín, mo ròyìn ọkọ̀ ojú irin tó ń gba inú ilẹ̀ lọ bí òkété, àwọn èèyàn sì ń pariwo "Háà!" Ìròyìn kan wà nísàlẹ̀ àpò tí n kò tú nígbà náà, nítorí pé ó ti rẹ̀ mí, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ kì í tú ẹrù rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò sí agogo iléèwé tó ń lé mi, ẹ jẹ́ kí n tú u. Ẹ bá mi rọra lọ. Orúnkún mi kò fẹ́ sáré mọ́, ẹnu mi náà kò sì fẹ́.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí náírà ṣì lè wo pọ́n-ùn lójú. Ìjọ kan ló bá wa ṣètò rẹ̀ pé kí méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní tí-pí, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún sáà kan gbáko. Wọ́n ní kí èmi tí mo dàgbà jù nínú àwọn olùkọ́ sìn wọ́n lọ.

Àwọn méjèèjì nìyí. Mosúnmọ́lá jẹ́ ọmọ Odogbolu, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ló ń gbin ẹ̀gẹ́ tó ń yan gààrí tó fi rán an níwèé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tó jẹ́ pé bí o bá wúkọ́ ní yàrá kejì, á ti dìde lọ bu omi. Ìkejì ni Gàníyù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde gan-an, láti ìdílé mùsùlùmí tó ń ta aṣọ. Ní ti Gàníyù, oorun nìkan ló ń pa á lẹ́nu mọ́, nígbà mìíràn oorun náà kò tó. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ni pé ẹni tí wọ́n bá lé kúrò níbi tí-pí kò ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tí kò níwèé-ẹ̀rí kò níṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ Mosúnmọ́lá ni, ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń dúró dè é lóko.

Òtútù ló kọ́kọ́ kí wa

Oṣù kìíní ọdún la dé ọ̀hún. Mo ti mọ òtútù ọyẹ́, èyí tí èèyàn lè fi ìborùn ìyàwó ẹni lé lọ láàárọ̀. Ti ibẹ̀ yàtọ̀. Inú eyín ló ń wọ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú tí a ń lọ, ní apá àríwá, mo la ẹnu láti sọ pé a dúpẹ́ pé a gúnlẹ̀, èéfín ló jáde dípò ọ̀rọ̀.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó rẹ̀. Bíríkì ni gbogbo ilé, èéfín àtijọ́ ti sọ wọ́n di dúdú. Ihò èéfín àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ gùn sókè káàkiri, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń rú èéfín nínú wọn. Iṣẹ́ ti tán níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin géńdé dúró ní ìkòríta ní ọ̀sán gangan, wọ́n kiwọ́ bọ àpò.

Gàníyù wò wọ́n títí. Ó ní, "Sà, àwọn tó ṣèjọba lé àwọn bàbá wa lórí nìyí?"

Mo ní, "Gàníyù, gbé ẹrù."

Ó ní, "Mo ti gbé e, sà. Mo kàn ní kí n bi yín ni."

Ohun tó kọ́kọ́ tán mi lókun ní ìlú yẹn ni kíkí. Ní ọjọ́ kejì tí a dé, mo múra, mo jáde, mo sì ń kí àwọn ènìyàn bí mo ti ń bá wọn pàdé, bí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. Obìnrin kan fa ajá rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹrù ni kíkí, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹni tí o gbé e fún kò bá gbà á, ọrùn tìrẹ ni yóò máa ro ọ́. Kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ọrùn ti ń ro mí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bí tiwọn.

Èdè náà sì tún wà ńbẹ̀. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gbà pé mo gbọ́ ọ. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn ará ibẹ̀, àfi bí ìgbà tí ará Ọ̀yọ́ bá bọ́ sáàárín àwọn ìyá àgbà wa lọ́jà Òkè-Ajé. Wọ́n á sọ̀rọ̀, n kò ní gbọ́. N ó dáhùn, wọ́n á rò pé etí mi ló di, wọ́n á tún un sọ pẹ̀lú ariwo. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pariwo mọ́ ara wa, tí kò sí ìjà.

Ohun tó ń wú nínú ife

Opó kan la wọ̀ sílé rẹ̀. Onínúure obìnrin ni, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀! Ọ̀dùnkún òyìnbó bíbọ̀, ẹ̀wà tútù bíbọ̀, ẹran bíbọ̀, gbogbo rẹ̀ funfun lórí àwo funfun. Ata kò sí, iyọ̀ ń tijú. Èmi ń jẹ ẹ́ torí mo dàgbà, àgbà kì í kọ oúnjẹ onílé. Mosúnmọ́lá ń jẹ ẹ́ torí wọ́n tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Gàníyù á kọ́kọ́ béèrè ẹran wo ni. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní ara òun kò fẹ́ ẹran lónìí.

Ìyá Mosúnmọ́lá ti di gààrí fún wa, gààrí Ìjẹ̀bú gidi, èyí tó kúnná tó kan. Lọ́jọ́ kan, Gàníyù rẹ tirẹ̀ sínú ife, ó fi sórí tábìlì ní ilé ìdáná, ó gòkè lọ kírun. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn ìyá onílé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá o! Nǹkan kan ń wú nínú ife mi!"

Mo sáré dé bẹ̀. Ó ti fà sẹ́yìn mọ́ ògiri. Mo ṣàlàyé pé oúnjẹ ni, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó mú ṣíbí, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

Ó ní, "Ó ti kan."

Gàníyù ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó ní, "Mà, kíkan tí ẹ ń wò yẹn, òun loyè rẹ̀!"

Ìyá náà káàánú rẹ̀. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, ó ní òun yóò bá a gbé e gbóná kó lè ṣe é jẹ. Ohun tó ti inú ìkòkò yẹn jáde kì í ṣe gààrí, kì í ṣe ẹ̀bà, kì í ṣe ògì. Gàníyù jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ilé rere lọmọ náà ti wá.

Iléèwé Mísíìsì Bẹ́lì

Ọ̀gá àgbà iléèwé náà, Mísíìsì Bẹ́lì lorúkọ rẹ̀. Bẹ́lì náà ni agogo; Gàníyù kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó tó sọ ọ́ di Ìyá Alágogo. Obìnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀, Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Mísíìsì Bẹ́lì náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni Mosúnmọ́lá wà tó ní, "Kò sí, mà."

Àwọn méjèèjì sì ń wojú ara wọn nílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orúnkún nìkan ló ń tẹ̀ díẹ̀ tó bá kí i, bíi ti ẹni tó fẹ́ jókòó tó rántí pé kò sí àga.

Àwọn ọmọ iléèwé náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà á, torí àwọn ọmọ ibẹ̀ á máa wo tíṣà lójú, wọ́n á jókòó dá a lóhùn, wọ́n á ní "rárá" gbangba. Àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dìrọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún àti tòsì. Mo jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń kọ́ wọn, mo sọ lọ́kàn ara mi pé eléyìí, tíṣà ni Ọlọ́run dá a.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ dé. Irin gígùn kan wà ní pápá ìṣeré tí àwọn ọmọ máa ń gùn. Ọmọ ọdún méje kan tí ń jẹ́ Kẹ́fìn gùn ún dé òkè, yìnyín sì ti mú kí irin náà yọ̀. Mosúnmọ́lá wà lẹ́bàá irin, ó ń bá ọmọ mìíràn so okùn bàtà. Ó gbóhùn, ó yíjú, Kẹ́fìn ti wà nílẹ̀, ó já lé ọwọ́, egungun ọwọ́ náà sì ti kán.

Kí ni ọmọ Odogbolu máa ṣe? Ohun tí ẹ̀yin náà máa ṣe ló ṣe. Ó ju okùn bàtà sílẹ̀, ó sáré gbá ọmọ mọ́ra, ó ń kígbe pé, "Sọ́rì! Sọ́rì, Kẹ́fìn! Áà, sọ́rì o, sọ́rì!" Ó gbé e wọlé, ó ń sọ́rì. Ìyá ọmọ náà dé, Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀: "Sọ́rì, mà. Ẹ jọ̀ọ́, sọ́rì."

Ẹ wò ó, pẹ̀lẹ́ ni. Pẹ̀lẹ́ wa ló gbé wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì, torí ẹ̀wù mìíràn kò sí fún un nínú èdè wọn. Àwọn tíṣà tó kọ́ àwa náà ló bá wa rán ẹ̀wù yẹn, a sì ti ń wọ̀ ọ́ káàkiri Nàìjíríà tí kò fún ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ìyá Kẹ́fìn wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ yìí, ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó yíjú sí Mísíìsì Bẹ́lì.

Ó ní, "Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

Orí tábìlì tíì

Wọ́n bi Kẹ́fìn léèrè. Ó ní òun kò rántí, òun kàn mọ̀ pé Mísì wà níbẹ̀. Wọ́n bi àwọn ọmọ yòókù. Ọ̀kan ní ó yọ̀ ni, ọ̀kan ní Mísì fà á lẹ́sẹ̀, ọ̀kan ní òun rí ẹyẹ kan. Ọmọdé kọ́ ni? Mísíìsì Bẹ́lì ní kí Mosúnmọ́lá má wọ kíláàsì mọ́ títí a ó fi jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ló fà á, ó ní, á palẹ̀ mọ́ lọ sílé, tí-pí rẹ̀ parí.

Gbogbo ọjọ́ tí a fi ń retí ìjókòó náà, Mosúnmọ́lá kò jẹun. Ó ń fọ abọ́ ìyá onílé, ó tún ń fọ èyí tó mọ́. Ó bi mí pé, "Sà, ta ni mo máa sọ fún ìyá mi pé mo ṣe léṣe?"

Gàníyù ló ní, "O ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ẹnu rẹ ló dáa jù. Èmi tí ẹnu mi kò dáa, ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tó pè mí lẹ́jọ́?" Ó rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìjókòó pé. Yàrá ọ́fíìsì kékeré kan ni, tábìlì wà láàárín, ìkòkò tíì wà lórí rẹ̀, torí kò sí ẹjọ́ tí wọ́n máa ń dá níbẹ̀ tí kò ní tíì nínú. Mísíìsì Bẹ́lì jókòó ní apá kan, èmi àti Mosúnmọ́lá ní apá kejì. Wọ́n ní kí Gàníyù dúró síta, ó sì dúró síta, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé etí rẹ̀ kò dúró síta.

Mísíìsì Bẹ́lì ní, "Mosúnmọ́lá, ṣé o fa ọmọ náà?"

"Rárá, mà. Èmi kọ́."

"Ṣé o ti irin náà?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tí o fi wá ń tọrọ àforíjì?"

Mosúnmọ́lá wò mí. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Mà, kò tọrọ àforíjì. Ó kí i ni."

"Ó kí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ní èdè tiwa, bí èèyàn bá ṣubú, a máa ń kí i. Bí ó bá kọsẹ̀, a máa ń kí i. Bí ó bá ń sín, a máa ń kí i."

Ó ń fi ṣíbí ro tíì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ sọ fún ìyá ọmọ tó kán lápá pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn máa sọ́rì, kó máa sunkún, kó sì kúnlẹ̀, fún ohun tí kò ṣe?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ti ń sọ ọ́, èmi fúnra mi gbọ́ ọ bí òun ṣe gbọ́ ọ. Ó dún bí irọ́. Mo wá gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún gbọ́nhan, n kò rí èyí tó lè gbé pẹ̀lẹ́ dìde. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ gbé orí lé tábìlì wọn.

Mísíìsì Bẹ́lì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dùn mí láti sọ èyí." Ó na ọwọ́ sí ìkòkò tíì láti bu sí ife mi, bóyá kí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lè rọ̀ díẹ̀. Ọmọrí ìkòkò náà yọ̀, ó balẹ̀ gbàgà, tíì gbígbóná sì dà sí i lọ́wọ́.

"Sọ́rì, mà!"

Ẹnu èmi àti Mosúnmọ́lá ló ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà, a ti dìde dúró. Kò tíì parí rárá tí ìlẹ̀kùn fi ṣí, orí Gàníyù yọ wọlé, ojú rẹ̀ kún fún àánú, ó ní:

"Sọ́rì o, mà! Sọ́rì! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mísíìsì Bẹ́lì fi ọwọ́ kan di ìkejì mú. Ó wò mí, ó wo Mosúnmọ́lá, ó wá wo orí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó pẹ́ lórí ìyẹn.

Ó bi Gàníyù pé, "Kí ni ìwọ ṣe?"

Gàníyù ní, "Èmi kẹ̀, mà? N kò ṣe nǹkan kan. Ìta ni mo wà."

"Kí wá lo ń sọ́rì fún?"

Gàníyù ronú. Ó ní, "N kò tíì mọ̀, mà. Mo kàn gbọ́ gbàgà."

N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín lobìnrin náà rín tàbí ìrora ọwọ́ ló mú un. Ó jókòó. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé: "Ó gbọ́ gbàgà." Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí Mosúnmọ́lá padà sí kíláàsì rẹ̀ lọ́la, òun fúnra òun yóò lọ bá ìyá Kẹ́fìn nílé rẹ̀.

A ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó pè é padà. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ìyá ló ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, má sọ ọ́ mọ́ níbí. Nítorí ara rẹ ni. Bí ọmọ bá ṣubú, bi í pé, 'Ṣé o wà dáadáa?' Ó ti tó."

Mosúnmọ́lá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀.

Ẹnu tó ń kọ́ bí a ti ń dákẹ́

Ẹ ò bá rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú ẹ̀kọ́ ni Mosúnmọ́lá. Mo rí i bó ṣe ń kọ́ èyí náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọ bá ti já lulẹ̀, á la ẹnu, á tún fi ọwọ́ bò ó. Mo ń rí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá gbé egungun ẹja mì. Á wá dúró gbọnrangandan, á ní, "Ṣé o wà dáadáa?"

Gàníyù kò gbà. Ó ní, "Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún rẹ̀, o ń bi í pé ṣé ó wà dáadáa? Bó bá wà dáadáa ṣé ilẹ̀ ló máa wà?" Òun ń sọ́rì tirẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó dá a dúró, torí gbogbo iléèwé ti mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin tó gbọ́ gbàgà.

Àmọ́ fún Mosúnmọ́lá, nígbà tó yá, kò la ẹnu kó tó bò ó mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò dìde mọ́. Ohùn rẹ̀ gún régé bíi tàwọn tíṣà ibẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ wò ní kíláàsì, wọ́n yìn ín, ó yege. Kẹ́fìn padà wá pẹ̀lú ọwọ́ dídì, ó ní kí Mosúnmọ́lá kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ohun tí wọ́n fi dì í fún òun. Gbogbo ohun tí a torí rẹ̀ lọ ló bọ́ sí i. Síbẹ̀, ní ilé ìyá onílé, mo wúkọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo wúkọ́ títí, kò sí ẹni tó dìde lọ bu omi. Mo wò ó níbi tó jókòó sí, ó ń kàwé. Mo sọ fún ara mi pé ó ti rẹ ọmọ náà, pé ó rẹ gbogbo wa.

Gáréèjì

Àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Ti wa kò tiẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí ọkọ̀ gbé wa wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án ọjọ́ tí a dé, tí ooru gbà mí mọ́ra, tí mo rí ilẹ̀ pupa, omi lé sí mi lójú. Ẹsẹ̀ mi ti wú láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, àpótí di mí lọ́nà, ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, ìkejì há sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo lọ sílẹ̀ gbì, èmi àti fìlà àti àpótí.

"Pẹ̀lẹ́ o! Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá!"

Ibi gbogbo ló ti wá. Obìnrin tó ń ta ọsàn ti ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Awakọ̀ ń pẹ̀lẹ́, àwọn akérò ń pẹ̀lẹ́, ọkùnrin kan tó ń lọ lórí kẹ̀kẹ́ lódìkejì títì kò dúró, ṣùgbọ́n ó yí ọrùn, ó ní "Ẹ kú ewu o!" ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Mo wà nílẹ̀ nínú eruku, mo ń gbọ́ ọ, ó ń dà lé mi lórí bí omi gbígbóná lẹ́yìn òtútù. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, n kò mọ̀ pé ohun tó ń pa mí lébi nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn. Mosúnmọ́lá ló wà níbẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àpò rẹ̀ wà léjìká, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, "Ṣé ẹ wà dáadáa, sà?"

Ìyá ọlọ́sàn tó ti di apá mi mú láti gbé mi dìde yíjú sí i. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ ibo nìyí? Bàbá tó tó bí ọ wà nílẹ̀, o ń bi í léèrè! Wọn ò kọ́ ọ ní pẹ̀lẹ́ nílé yín ni?"

Gàníyù la ẹnu láti dá a lóhùn, ó pa á dé. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Mosúnmọ́lá dìde, ó bo ẹnu rẹ̀, bó ṣe máa ń bò ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ náà máa ń dí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gba ọkọ̀ Odogbolu lọ, kò bojú wẹ̀yìn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún rí i. Ẹsẹ̀ mi tó rọ́ nígbà tí mo ṣubú ti jinná, mo ti ròyìn yìnyín fún ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi tó sú mi. Ìrọ̀lẹ́ kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kan náà, mo rí i tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ru gààrí láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò kí mi ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, kò bi mí ní ilé ńkọ́. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ ṣinṣin.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Mo ní, "Ti kí ni?"

"Ti ìṣubú yín ní gáréèjì."

Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé ẹsẹ̀ ti jinná, pé ọ̀rọ̀ ti kọjá. Mo wá rántí ọ́fíìsì yẹn, àti abọ́ mímọ́ tó ń fọ̀, àti gbogbo ọ̀nà tí a ti rìn lọ tí a sì rìn bọ̀. Ẹni tó ṣubú jù nínú wa, kò tíì sí ẹni tó kí i.

Mo ní, "Mo gbọ́, o ṣeun." Mo ní, "Ìwọ náà, Mosúnmọ́lá. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ o."

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló wà tó fi sunkún tẹ́rùn. N kò dá a dúró. Mo wọlé, mo lọ bu omi fún un.